Ẹ̀rọ Tó Ń Dín Gbígbọ̀n Kù

Orí náà tún já bọ́.

Ó ta lórí tábìlì, ó ta lẹ́nu bàtà Gordon, ó wọ abẹ́ àga lọ. Èmi àti Gordon kúnlẹ̀ sórí pákó gbọ̀ngán, a ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a. Orí ère onígi kékeré kan ni, kò ju ẹyọ ọkà bàbà lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta wà níbẹ̀, orí sì já pátápátá.

"Má gbé ẹsẹ̀ rẹ," ni mo sọ fún Gordon.

"Orúnkún ń dùn mí."

"Jẹ́ kó máa dùn ọ́ níbi tó wà yẹn."

Wilf nìkan ni kò kúnlẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ òsì mú bí ẹni di adìyẹ mú. Méjèèjì ń gbọ̀n síbẹ̀.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ẹ fi sílẹ̀."

"A máa rí i," ni Gordon wí lábẹ́ àga. "Mo ti rí i! Rárá o. Èérún bisikíìtì ni."

"Mo ní kí ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i, màá tún já a ni."

A dìde. Ó pẹ́ kí a tó nàró tán.

Wilf Sugden ni mò ń sọ. Nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ rélùwéè kékeré ni wá, ní Ellerbeck. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa ń pàdé, ní gbọ̀ngán tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí a ń kọ́ ni tẹ́ṣàn ìlú wa, bó ṣe rí kí wọ́n tó tì í pa nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ibẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù ńlá báyìí. Àwọn ènìyàn ń páàkì mọ́tò síbi tí ojú irin gbà kọjá. Lórí tábìlì wa, gbogbo rẹ̀ ṣì wà: afárá, pèpéle, ilé ìtọ̀ àwọn ọkùnrin tí kò ní òrùlé, ológbò ọ̀gá tẹ́ṣàn.

Òfin wa kò pọ̀. Ohun tí a bá lè fọwọ́ ṣe, a kì í rà á. Iṣẹ́ oníṣẹ́, a kì í fọwọ́ kàn án, àfi bí olúwa rẹ̀ bá sọ pé, "Bá mi dì í mú." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, o kò gbọ́dọ̀ kọ̀. Mo ti rí ọkùnrin tó jókòó tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ba òrùlé ilé ẹrù jẹ́ lójú rẹ̀. Kò lanu, torí onítọ̀hún kò pè é.

Irinṣẹ́ wa pàápàá, àwa la ń ṣe wọ́n. Àwọn tó dára jù, Wilf ló ṣe wọ́n. Ó fi abẹ ìfárungbọ̀n àti ègé idẹ ṣe ìfági tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ó fi àbẹ̀bẹ̀ oníná tí wọ́n fi ń pa eṣinṣin ṣe ẹ̀rọ tó ń mú koríko dúró. O máa da òwú tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, o máa gbọ̀n ọ́n sórí gọ́ọ̀mù tútù, iná á fa òwú náà, gbogbo rẹ̀ á nàró bí irun ara ẹni tí òtútù mú. Ó fi ẹ̀rọ tí Enid ìyàwó rẹ̀ fi ń po ẹyin ṣe èyí tó ń lọ́ wáyà di igi. Kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Enid. Gbogbo igbó tó wà lẹ́yìn tẹ́ṣàn wa, inú ilé ìdáná obìnrin náà ló ti wá.

"Fọ́ọ̀kì ni mo fi ń po ẹyin láti ìgbà náà," ni Enid máa ń wí bó bá gbé tíì wá. "Ẹ wo igbó yín. Kéèkì mi lẹ ń wò yẹn."

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bàbá Wilf ṣiṣẹ́ ní tẹ́ṣàn náà títí wọ́n fi tì í. Ó ń gbé ẹrù, ó ń tan àtùpà, ó ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń fọn fèrè. Láti ọjọ́ tí a ti fi pákó àkọ́kọ́ lélẹ̀ ni Wilf ti sọ pé tẹ́ṣàn kò tíì parí àfi ìgbà tí bàbá òun bá dúró lórí pèpéle, àti pé òun fúnra òun lòun máa gbẹ́ ẹ. Ó fi í sí ìkẹyìn. Ó gbẹ́ ọ̀gá tẹ́ṣàn, ó gbẹ́ obìnrin tó gbé agbọ̀n dání, ó gbẹ́ àlùfáà tó sùn sórí bẹ́ǹṣì. Ní ti bàbá rẹ̀, ó ní kí ọwọ́ òun kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ìgbà tí ọwọ́ mọ iṣẹ́ tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ìpàtẹ Àjíǹde, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa ti ń fi iṣẹ́ wọn han ìlú, sì ń bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìkàwé ìlú fẹ́ gba tẹ́ṣàn náà lọ́wọ́ wa, kí wọ́n fi gíláàsì bò ó. Ẹni tí kò bá sí lórí pèpéle lọ́jọ́ tí wọ́n bá de gíláàsì náà, kò ní sí níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Wilf fa àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ó gbé ìfági síwájú mi. Ó gbé ẹ̀rọ koríko síwájú Gordon.

"Kí lèyí?" ni Gordon bi í.

"Tìrẹ ni."

"Mo ní tèmi nílé."

"Tìrẹ kì í mú koríko dúró. Ṣe ni wọ́n ń sùn."

"Koríko Amẹ́ríkà ni. Oòrùn ló ń pa á."

Ọ̀rọ̀ Gordon Thwaite nìyẹn. Ó wa bọ́ọ̀sì káàkiri àfonífojì wa títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì dé Amẹ́ríkà rí. Ṣùgbọ́n rélùwéè Amẹ́ríkà ló ń kọ́ sí yàrá òkè ilé rẹ̀. Ó mọ orúkọ àwọn òkè Colorado ju orúkọ àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà kéré sí tiwa. Ohun tó bá wà láyé, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin làwa fi ń pín in. Àwọn ń fi mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún pín tiwọn. Bí Gordon bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí gbọ̀ngán, a máa ń bi í bóyá omi ló fọ̀ ọ́ tó fi sún kì.

"Jẹ́ kí n gbẹ́ bàbá náà fún ọ," ni Gordon wí. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé bàbá rẹ ni?"

"Rárá."

"Ó tán nìyẹn."

Enid wọlé wá mú un lọ sílé. Ó bá a de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. Wilf ń wo àjà nígbà tó ń dè é. Àwa náà ń wo ibòmíràn.

"Àpótí irinṣẹ́ rẹ ńkọ́?" ni Enid bi í.

"Mi ò ní lò ó mọ́."

Enid wò mí. Mo wo ìfági tó wà níwájú mi.

* * *

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ wa máa ń fín orúkọ sára idẹ. Orúkọ dókítà, orúkọ lọ́yà, orúkọ òkú lára pósí. A ní ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó ní apá gígùn. Ní òpin kan, ìka irin kan wà tí o máa ń fi tọ ojú lẹ́tà ńlá. Ní òpin kejì, abẹ kan wà tó ń fín lẹ́tà kan náà ní kékeré. Bí ọwọ́ rẹ bá yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan níhìn-ín, abẹ á yẹ̀ ní ìwọ̀n irun lọ́hùn-ún. Ẹni tó mutí yó lánàá lè fi í ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn ilé, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sọ sí mi lọ́kàn. Ohun tó ń sọ ènìyàn di kékeré á sọ gbígbọ̀n náà di kékeré.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún Gordon.

"Lẹ́tà pẹlẹbẹ nìyẹn," ó ní. "Ènìyàn ní ẹ̀yìn, ó ní ìhà."

"A máa yí i po bí ẹran lórí iná. Amọ̀ ńlá níhìn-ín, igi kékeré lọ́hùn-ún, kí méjèèjì jọ máa yí."

"Irin ńkọ́?"

Irin bẹ́ẹ̀dì ló dára jù. Mo lọ sílé Wilf nígbà tó lọ rí dókítà.

"Irin bẹ́ẹ̀dì?" ni Enid wí. "Èyí tó wà ní yàrá àlejò? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Mo sọ fún un. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára épírọ́ọ̀nù. Ó nù ún pẹ́.

"Ẹ gbé e," ó ní. "Bí kò bá tó, ẹ wá gbé èyí tí mò ń sùn lé."

A kọ́ ọ nínú ilé pákó ẹ̀yìnkùlé mi. Irin bẹ́ẹ̀dì di apá. Gordon tú béárìn, àwọn ọmọ irin róbótó inú táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀, a fi wọ́n sí oríkèé, kó lè máa yọ̀ láìmì. Dókítà eyín kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fún wa ní ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ eyín.

"Ẹ bọ̀wọ̀ fún un," ó ní. "Eyín yín tó bàjẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n gbà lọ."

Nígbà tí Gordon kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, tó dún, èmi àti òun jọ pa ẹnu wa dé.

Èmi ni mo lọ oríkèé. Ìṣirò jẹ́ ti Gordon. Ó fẹ́ràn ìṣirò, mo sì fẹ́ràn kí ó dákẹ́. Nígbà tó bá ń ṣírò, ó máa ń dákẹ́.

* * *

Wilf dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé pákó, kò wọlé. Fìlà wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì wà nínú àpò.

"Enid ló rán yín."

"Rárá," ni mo wí.

"Àánú mi ló ń ṣe yín."

"Ta ló ráyè ṣàánú rẹ?" ni Gordon wí. "Kẹ̀kẹ́ mi ò lè rìn mọ́ nítorí rẹ. Ẹsẹ̀ ni mo fi wá."

"Mi ò ní kí o tú kẹ̀kẹ́."

Ó yí padà. Ó ti dé ìdí ẹnu ọ̀nà ọgbà. Mo mọ̀ pé bó bá jáde, kò ní padà wá. Mo di apá ẹ̀rọ náà mú.

"Wilf," ni mo pè é. "Bá mi dì í mú."

Ó dúró. Ẹ̀rọ mi ni. Èmi ni mo pè é. Òfin ni.

Ó padà wá. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò, ó di ìka irin náà mú. Mo ti gbé ife tíì kan síbẹ̀ kó fi dán an wò, mo sì ti fi ègé igi sí òdìkejì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń tọ ètè ife náà. Ìka irin ń kan ife, ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí eyín ẹni tí òtútù ń mú. Èérún igi ń dà sílẹ̀ ní òdìkejì.

Mo pa iná. Gordon fẹ́ èérún náà kúrò. Ife kan wà lára igi, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ó ní etí tí ènìyàn lè fi dì í mú. Ètè rẹ̀ yí po láìní wíwọ́.

Wilf yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Kò gbọ̀n," ó ní.

"Ó gbọ̀n," ni mo wí. "Kékeré ni."

Ó jókòó. Gordon gbé tíì wá. Lẹ́yìn náà Wilf ní, "Ta ló lọ oríkèé yìí? Ó le jù. Ẹ fi òróró sí i."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti gbà.

* * *

Ó fi amọ̀ mọ bàbá rẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná. Amọ̀ kò bínú sí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ohun tí ìka bá bà jẹ́, àtàǹpàkò á tún un ṣe. Nígbà tó parí, bàbá náà gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́. Ó dúró, ọwọ́ kan lẹ́yìn, ó di fèrè mú ní èkejì. Fìlà iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ sí etí òsì. Ó ń wo ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀.

Enid ń fọ abọ́. Ó wẹ̀yìn wò ó.

"Ó ga o," ó ní.

"Bó ṣe ga nìyẹn," ni Wilf wí. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà gbáko."

"Bàbá rẹ?"

"Ó máa ń tan àtùpà láìgun àkàsọ̀. Ojú mi ló ṣe. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń dúró sí tí mo ń wò ó."

"Hùn," ni Enid wí. Ó padà sídìí abọ́ rẹ̀.

Gordon wọn amọ̀ náà. Ó pín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń wa bọ́ọ̀sì. Ó lu ihò sí apá ẹ̀rọ náà níbi tí iye náà sọ, a de abẹ mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà ni Wilf ti ń wá sí ilé pákó mi bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Ó ba igi àkọ́kọ́ jẹ́. Imú lọ. Ó ba èkejì jẹ́. Ó ní igi ló rọ̀ jù. Mo wá igi líle fún un láti ara etí onígi ìkòkò tíì àtijọ́ kan. Ó tọ amọ̀ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó yí i, ó tún tọ ọ́. Èérún igi wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ń bú oríkèé mi. Ó ń bú dókítà eyín. Ó ń fi ẹnu fọn orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ìyẹn.

Ó gbẹ́ ẹ tán. A yọ abẹ, a de búrọ́ọ̀ṣì tó ní irun mẹ́ta mọ́ apá náà, ó fi kun aṣọ dúdú, fìlà, ojú pupa. Ó kun bọ́tìnnì idẹ. Bọ́tìnnì! Mo fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n. Ó tò wọ́n gún régé.

Ó dúró lórí ìdérí ìgò, òun nìkan. Ẹni tó bá dá dúró, a kì í mọ bó ṣe ga tó.

* * *

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìpàtẹ, a to tẹ́ṣàn jọ sí gbọ̀ngán ìlú. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń to tiwọn. Ariwo òòlù pọ̀. Enid gbé páì ẹlẹ́dẹ̀ wá, a kò tíì jẹ ẹ́.

Mo ti lu ihò sórí pèpéle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá tẹ́ṣàn, níbi tí Wilf fi ìka hàn mí. Abẹ́rẹ́ kékeré kan yọ lábẹ́ bàtà bàbá náà. Ohun tó kù ni pé kí abẹ́rẹ́ wọ ihò. Ẹ̀rọ wa tóbi jù, kò lè dé ibẹ̀. Ẹ̀mú kékeré ni, àti ọwọ́.

Wilf fi ẹ̀mú mú bàbá rẹ̀ ní ìbàdí. Ọwọ́ rẹ̀ gbé e lọ sókè pèpéle. Bàbá náà ń jó lófuurufú. Ó kan òrùlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá obìnrin alágbọ̀n ṣubú. Wilf fà á padà. Ó tún gbé e lọ. Ó tún fà á padà. Òógùn ń yọ lórí ètè rẹ̀.

Kò sí ẹni tó mira. Òfin ni.

"Enid," ó ní, kò wẹ̀yìn. "Bá mi dì í mú."

Enid kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Wilf kò pe ẹnikẹ́ni rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Enid gbé àwo páì lé mi lọ́wọ́. Ó wá sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó na apá rẹ̀ lé apá ọkọ rẹ̀ lórí, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí tábìlì bí ìgbà tí ènìyàn ń po ìyẹ̀fun.

"O wúwo," ni Wilf wí.

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó fẹ́ mi. Fi í síbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ wọlé. Wilf ṣí ẹ̀mú. Bàbá rẹ̀ dúró.

Ó dúró lórí pèpéle, ọwọ́ kan lẹ́yìn, fìlà tẹ̀ sí etí òsì, ó ń wo ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀. Ọ̀gá tẹ́ṣàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà la rí i. Orí bàbá Wilf kò kọjá àgbọ̀n ọ̀gá tẹ́ṣàn. Ó kéré sí i ní orí kan gbáko. Obìnrin alágbọ̀n pàápàá ga jù ú lọ.

Gordon wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé iye náà ṣì wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun.

"Mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún," ó ní. "Mo fi mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún pín in. Ìwọ̀n Amẹ́ríkà. Wilf, n kò ronú. Ó ti mọ́ mi lára. Ìwọ̀n Amẹ́ríkà ni mo lò."

Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó burú.

"Màá lu ihò mìíràn lónìí," ni Gordon wí. "Amọ̀ ṣì wà. Lẹ́yìn ìpàtẹ, kí wọ́n tó de gíláàsì..."

"Dákẹ́ ná," ni Wilf wí.

Ó tẹ̀ ba. Ó fi ojú sún mọ́ pèpéle títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú irin. Ó wò ó pẹ́. Mo di páì mú. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e kalẹ̀ sí.

Enid ló sọ̀rọ̀.

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa," ó ní, "níbo ni bàbá rẹ dúró sí nínú fọ́tò?"

Wilf ṣì ń wo pèpéle.

"Orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ ló ní kó gùn ún, kí òun má bàa ga jù ú lọ. Síbẹ̀, ṣe ni àwọn méjèèjì kàn ga bákan náà. Ọkùnrin kúkúrú ni bàbá rẹ, Wilf. Ọkùnrin dáadáa. Kúkúrú."

"Àtùpà ńkọ́?" ni Wilf wí. "Láìgun àkàsọ̀."

"Ó ní ọ̀pá tó ní ìkọ́ lẹ́nu. Ọ̀pá náà wà nínú gáréèjì wa. Òun lo fi ń ká èso ápù."

Ejìká Wilf bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Gordon náà rò bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ bọ́ síta. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú, tí ológbò ọ̀gá tẹ́ṣàn fi ṣubú.

"Òun gan-an nìyí," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Wò ó. Òun gan-an ló dúró yẹn. Mo mọ ọ́n ga, ó kọ̀, ó wá bó ṣe rí. Gordon."

"Mo ń gbọ́."

"Má ṣe fọwọ́ kan án."

"Mi ò fọwọ́ kan án."

"Arnold, gbé páì yẹn wá. Ṣé o fẹ́ sin ín ni?"

A jẹ páì náà lórí ìdúró. Gordon jẹ tirẹ̀ tán, ó jẹ ìdajì tèmi. Ìdààmú máa ń mú ebi wá fún un.

Nígbà ìpàtẹ, èrò pọ̀ níwájú tẹ́ṣàn wa. Àwọn àgbàlagbà ń fi ìka hàn ara wọn ibi tí wọ́n ti máa ń wọkọ̀ lọ sí etí òkun. Lọ́sàn-án, ọkùnrin kan dé tó ní rúlà nínú àpò àyà. Wọ́n máa ń wà ní gbogbo ìpàtẹ. Aka-ìṣó là ń pè wọ́n, torí wọ́n lè ka ìṣó ara ọkọ̀, kí wọ́n sọ fún ọ pé ọ̀kan kù. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ó mi orí fún afárá pé ó dára. Ó mi orí fún igbó. Ó dé pèpéle, ó dúró.

"Ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn yín kò bá ìwọ̀n mu," ó ní.

"Èwo?" ni Wilf bi í.

"Èyí tó ní fèrè. Ó kúrú jù."

"Bàbá mi ni," ni Wilf wí. "Sọ fún un kó ga sí i. Ìyá mi náà ti gbìyànjú rẹ̀."

Ọkùnrin náà wo Wilf, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí tábìlì, ó tún wo bọ́tìnnì idẹ wọ̀nyẹn. Ó tẹ̀ ba kó lè rí wọn dáadáa. Ó fi rúlà padà sí àpò.

"Ta ló gbẹ́ ẹ?" ó ní.

"Èmi ni."

Ọkùnrin náà yọ fìlà.

Wilf mú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó gba ìfági lọ́wọ́ mi. Ó ní mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ó tún lo ẹ̀rọ náà fún ọdún kan àti díẹ̀. Ó fi gbẹ́ adìyẹ, ó fi gbẹ́ ìgò mílíìkì, ó fi gbẹ́ Enid, ó fún un ní ẹ̀rọ ìpo-ẹyin dání. Enid ní ìyẹn kò tó láti san gbèsè.

Ó kú nígbà òtútù. Gordon àti èmi wà lára àwọn tó gbé e.

Tẹ́ṣàn wà ní ilé ìkàwé, lábẹ́ gíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà wà nínú ilé pákó mi. Gordon ti lu ihò tó tọ́ sí apá rẹ̀, èyí tí a ń lò. Ihò ti Amẹ́ríkà ṣì wà níbẹ̀, a kò dí i.